Làkúrègbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ egungun nìkan: ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí oríkèé

Ẹ̀yin ará wa ní Manigri, ní Bassila, ní Pénéssoulou àti ní Alédjo, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí kò sí agbo ilé tí kò mọ̀ ọ́n. Tí orúnkún bá wú, a ní làkúrègbé ni. Tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàbá bá gbóná lóru tí kò jẹ́ kó sùn, làkúrègbé náà ni. Tí ìyá àgbà kò bá lè gbé omi rù mọ́, làkúrègbé ni. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ló ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà, torí pé tí orúkọ bá ti jẹ́ ọ̀kan, oògùn kan náà ni gbogbo èèyàn á máa wá: àwọn hóró tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí kò sí orúkọ lára wọn, tí wọ́n ń kiri lọ́jọ́ ọjà.

Nínú àwọn àìsàn tí à ń pè ní làkúrègbé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní goutte la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Ìdí ni pé òun ló jẹ́ ká rí i kedere pé wíwú oríkèé kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú oríkèé. Ìdọ̀tí tí ara kò rí dà nù ló máa ń dá iná náà. Àwọn iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ló sì máa ń fẹ́ iná náà tàbí kó bu omi pa á. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìdí tí hóró ọjà fi máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, á sì mọ ohun tó ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ìdọ̀tí tó ń di abẹ́rẹ́

Bí igi bá jó, eérú á kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara wa ṣe rí. Lójoojúmọ́ ni àwọn èérún ara tó ti gbó ń kú, tí tuntun ń dípò wọn, oúnjẹ tí a jẹ náà sì ń dà. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, eérú kan wà tí wọ́n ń pè ní acide urique. Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí lè ti rí orúkọ náà lórí ìwé. Kíndìnrín ló ń kó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ dà sínú ìtọ̀, ìfun á sì kó ìyókù jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹranko ní irinṣẹ́ kan lára tó ń tún eérú yìí lọ̀ kúnná kó tó jáde, àwa èèyàn ò ní in. Ìdí nìyẹn tí màlúù àti ewúrẹ́ kì í fi í ní goutte.

Tí kíndìnrín bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí acide urique bá pọ̀ ju bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè gbà lọ, ìyẹn nígbà tó bá kọjá nǹkan bíi miligíráàmù 68 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí iyọ̀ ṣe ń dì nísàlẹ̀ ìkòkò. Ohun tó dì náà rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ibi tí ara bá ti tutù ló máa ń fẹ́ràn láti dì sí, ẹsẹ̀ ló sì jìnnà jù sí ooru àárín ara. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe epe ló mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tó sì máa ń mú un lóru.

Àwọn abẹ́rẹ́ náà lè wà nínú oríkèé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdún láìfọhùn. Lọ́jọ́ tí nǹkan kan bá wá rú wọn sókè (ọtí àmupọ̀, òùngbẹ gígùn lóko, ìfarapa, àìsàn ibà, iṣẹ́ abẹ), àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ á rí wọn, wọ́n á rò pé ọ̀tá ti wọlé. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ náà mì, kò ní dà nínú wọn. Wọ́n á bá ké gbàjarè, wọ́n á tú oje tó ń pe àwọn ọmọ ogun mìíràn jáde. Oríkèé á pọ́n, á gbóná, á wú, aṣọ ìbora kò ní lè kàn án. Ìjà tí ara ń jà pẹ̀lú eérú tirẹ̀ ni gbogbo ìrora yẹn.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ gbogbo èyí. Ní 1848, dókítà Alfred Garrod ní London fi hàn pé acide urique pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní goutte. Ní 1961, ní Amẹ́ríkà, Daniel McCarty àti Joseph Hollander fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo omi inú oríkèé, wọ́n sì rí àwọn abẹ́rẹ́ náà gan-an. Ní 2006 ni àwọn onímọ̀ ní Lausanne, ní Suisse, wá ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń tẹ agogo ìdágìrì tó wà nínú ọmọ ogun funfun.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn. Goutte tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kódà tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó mu àgbo ní ọjọ́ kẹfà á ní àgbo ló wo òun. Ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ ní ọjọ́ keje á lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sín in fún un. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, ọjọ́ ló pé. Àmọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ṣì wà nínú oríkèé, ó máa padà dé, ó sì máa ń mú oríkèé mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́. Nígbà tó bá yá, kókó líle funfun á máa yọ lára ìka, lára ìgunpá tàbí lára etí, egungun á sì máa jẹ.

Ta ló ń mú jù? Ọkùnrin ni, pàápàá ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún. Obìnrin kì í sábà ní i kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó dáwọ́ dúró, nítorí oje obìnrin inú ara wọn ń ran kíndìnrín lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni tàbí ti àwọn ọlọ́rọ̀. Níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní Lomé, àwọn dókítà oríkèé tí ọ̀jọ̀gbọ́n Moustafa Mijiyawa ṣáájú (òun náà ló wá di mínísítà ètò ìlera ní Tógò) ti kọ̀wé lórí àwọn ará Tógò tó ní goutte àti ohun tó ń fà á fún wọn, ó ti lé ní ogún ọdún báyìí.

Nípa oúnjẹ, a ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọtí wà lára ohun tó ń fà á: bíà, tchoukoutou àti sódàbì. Ọtí ọkà àti bíà burú ní ọ̀nà méjì: wọ́n gbé ohun tó ń di acide urique wọlé, wọ́n sì tún ń dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti dà á nù. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ìfun ẹran, àti ẹran pupa tó bá pọ̀ jù, wà nínú ẹ̀sùn kan náà. Ohun mímu aládùn inú ìgò, tí a rò pé ti ọmọdé ni, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí irú ṣúgà kan tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kò ní ẹ̀sùn tó lágbára, ẹ̀pà náà kò ní. Wàrà àti wàgásì tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa tilẹ̀ dára fún ẹni tó ní goutte. Ẹni tó bá fi wàgásì rọ́pò ẹran lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti ṣe nǹkan gidi.

Ti sódàbì, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí i pé àwọn tó ń mu ọtí líle tí wọ́n ń pọn nínú igbó máa ń ní goutte, torí pé radiateur mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n fi ń pọn ọn. Òjé inú radiateur yẹn á wọ inú ọtí, á ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín kò sì ní lè da acide urique nù mọ́. Ẹ̀yin tó ń pọn sódàbì, ẹ wo irú páìpù tí ẹ ń lò dáadáa.

Síbẹ̀, ẹ má fi ẹni tó ní goutte ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀mùtí ni. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò fi ẹnu kan ọtí rí. Bí wọ́n ṣe bí kíndìnrín olúkúlùkù ló ń pinnu jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ dáadáa, òun náà lè mú kí acide urique pọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé oríkèé ń dun òun.

Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí nǹkan kan tó yani lẹ́nu. Tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú ẹnì kan ní apá kan ara, tí àìsàn oríkèé bá wá mú un lẹ́yìn náà, apá tó rọ kì í sábà wú tó apá tó yá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ síbi méjèèjì, oúnjẹ kan náà ló jẹ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ò lọ dáadáa mọ́ láàárín ọpọlọ àti apá tó rọ. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un lọ́wọ́ nínú wíwú oríkèé.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni èyí tó ń fẹ́ iná. Orí iṣan tó wà nínú oríkèé kì í gbé ìròyìn ìrora lọ sókè nìkan, òun náà ń tú oje sílẹ̀. Wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn ní substance P, tí Ulf von Euler àti John Gaddum rí ní 1931. Tó bá ti jáde, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á ṣí sílẹ̀, omi á máa jò sínú oríkèé, á sì túbọ̀ wú. Ìrora náà ń dá kún wíwú nìyẹn, wíwú á sì tún dá kún ìrora.

Iṣẹ́ kejì ni èyí tó ń pa iná. Iṣan gígùn kan wà tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọrùn kọjá lọ sí ọkàn, sí ẹ̀dọ̀fóró àti sí inú ikùn. Nerf vague ni orúkọ rẹ̀. Ní 2000, Kevin Tracey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York fi hàn lára eku pé tí wọ́n bá ta iṣan yìí jí, oje tó ń dá wíwú sílẹ̀ á dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Oje tí iṣan náà fi ń ṣe é ni acétylcholine. Ní 2016, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà àwọn aláìsàn 17 tó ní polyarthrite rhumatoïde, ìyẹn làkúrègbé tó ń mú ọ̀pọ̀ oríkèé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń wọ́ ìka ọwọ́. Ẹ̀rọ náà ń ta nerf vague jí díẹ̀díẹ̀, oríkèé ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rọlẹ̀. A ò sọ pé ẹ lọ wá ẹ̀rọ yẹn, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. A sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn.

Iṣẹ́ kẹta ló kàn wá jù. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí kókó kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín pé kí wọ́n tú cortisol jáde. Cortisol ló ń sọ fún àwọn ọmọ ogun funfun pé ó tó, ẹ sinmi. Tí èèyàn kò bá sùn dáadáa, tàbí tí ìdààmú bá wà lórí rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ìṣètò yìí á dàrú. Àwọn ọmọ ogun á máa gbọ́ àṣẹ náà láìka á sí, wíwú á sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, nígbà tí màmá bá ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ̀fọ̀ ni orúnkún òun ti ń dùn jù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ bá ìmọ̀ mu.

Hóró inú ọ̀rá

Ní oṣù kẹsàn-án 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, dókítà Philip Hench fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀ ní oje kan tó jọ cortisol, tí a mọ̀ sí cortisone. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, obìnrin náà dìde, ó rìn. Gbogbo ayé hó. Ní 1950, Hench àti àwọn méjì mìíràn, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein, gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n Hench fúnra rẹ̀ rí i láìpẹ́ pé ìdùnnú náà ní ìyà lẹ́yìn: ojú àwọn aláìsàn wú rìbìtì, àìsàn sì ń padà tí wọ́n bá dáwọ́ oje náà dúró.

Irú oje yẹn, dexaméthasone tàbí prednisolone, wà nínú ọ̀pọ̀ hóró tí wọ́n ń tà lọ́jà fún làkúrègbé. Ìdí rèé tó fi ń ṣe bí idán: ó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun funfun bí ẹni pé ọpọlọ ló pàṣẹ. Àmọ́ ọpọlọ ń wò. Tó bá rí i pé oje náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á dá iṣẹ́ tó ń rán sí àwọn kókó orí kíndìnrín dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn kókó náà á sùn lọ. Ọjọ́ tí owó bá tán tí hóró náà tán, kò ní sí cortisol ti òde, kò ní sí ti inú. Èèyàn á rẹ̀ wá, á máa bì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó sì lè kú, pàápàá tí ibà bá bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kó lọ bá dókítà, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ṣúgà á ti máa gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, egungun á ti máa rọ̀, egbò kékeré kò sì ní tètè jiná.

Irú hóró kejì ni diclofénac àti ìbátan rẹ̀. Wọ́n dára tí dókítà bá fúnni fún ọjọ́ díẹ̀. Tí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ kó tó lọ roko, pẹ̀lú òùngbẹ àti oòrùn, á dá egbò sínú ikùn, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín yìí kan náà ló yẹ kó da acide urique nù! Oògùn tí a ń lò fún ìrora ló wá ń kó ìdọ̀tí tó fa ìrora jọ sí wa lára. Nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, èyí ló dùn wá jù, torí àgbẹ̀ tó fẹ́ bọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní 2017, ìjọba Bénin kó oògùn ayédèrú kúrò ní ọjà Adjégounlè ní Cotonou, wọ́n sì mú àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ibodè Tógò ò jìnnà sí wa, hóró inú ọ̀rá ṣì ń wọlé. Ti gbẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ acide urique wà nínú oríkèé, kò sí bí abẹ orí awọ ṣe lè yọ ọ́. Abẹ tí èèyàn méjì bá jọ lò sì lè kó àìsàn ẹ̀dọ̀ tàbí sida ranni.

Kí la máa ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí kò lè dúró. Tí oríkèé kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tí ara náà sì gbóná, pàápàá lára ọmọdé, ẹ má fi òwúrọ̀ ọ̀la dá a. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú oríkèé, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń dùn lemọ́lemọ́, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ìyẹ̀fun ata ilẹ̀, lè ní drépanocytose, tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Orúnkún àgbàlagbà tó ń dùn tí wọ́n bá rìn, tó ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá jókòó, tí kì í gbóná, arthrose ló sábà máa ń jẹ́: ẹrù tí a ti ń gbé láti kékeré ló ti jẹ ìrọ̀rí inú oríkèé. Fún ìyẹn, kí ẹrù dín kù, kí ara fúyẹ́, kí a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ ju hóró lọ.

Tó bá jọ goutte, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi aṣọ tútù lé e, ẹ mu omi dáadáa, àfi ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, tàbí ọsibítù Bassila. Kó gbogbo hóró tí o ti ń lò dání, kódà èyí tó wà nínú ọ̀rá, má tijú. Béèrè kí wọ́n yẹ acide urique àti créatinine wò. Créatinine ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe. Tí acide urique kò bá ga lọ́jọ́ tí oríkèé wú, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe goutte, torí ó lè lọ sílẹ̀ nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ti rọlẹ̀.

Oògùn méjì lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn. Colchicine ni fún ọjọ́ ìrora, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè lò ó, ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Iye tí dókítà kọ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi ẹyọ kan kún un, torí àlòjù rẹ̀ ń pani. Allopurinol ni èkejì, tí Gertrude Elion àti George Hitchings wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn méjèèjì gba Nobel ní 1988. Òun kì í pa ìrora, acide urique ló ń dín kù, kó lè wà lábẹ́ miligíráàmù 60 nínú lítà kan, kí àwọn abẹ́rẹ́ àtijọ́ sì máa yọ́ lọ. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìrora lè padà wá nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń yọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní oògùn náà burú, wọ́n á jù ú nù. Ẹ má jù ú nù, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Àfi tí ara bá sú, tí ẹnu bá ń bó tàbí tí awọ bá ń ṣí: ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì sáré padà sí ọsibítù.

Tí kíndìnrín bá ti ní àléébù, tàbí tí oríkèé ń wú lemọ́lemọ́ láìka oògùn sí, wọ́n lè kọ̀wé rán yín lọ sí ọsibítù ńlá ní Parakou, tàbí sí CNHU ní Cotonou.